Àwọn tí ó Wo Èrò ní Ọjà Ìbà

Nínú èdè wa, ìwòran kò fi bẹ́ẹ̀ ní iyì. Bí a bá pe ẹnì kan ní òǹwòran, ohun tí ó sáábà máa ń wà lọ́kàn wa ni pé kò rí iṣẹ́ ṣe, tàbí pé iṣẹ́ ń bẹ níwájú rẹ̀, tí òun sì káwọ́ gbera tí ó ń wo àwọn tí ń ṣe é. Ọmọ tí a rán lọ sí ọjà tí ó pẹ́ kí ó tó dé, ẹgba ni a fi ń pàdé rẹ̀. A kì í bi í léèrè ohun tí ó rí. Síbẹ̀, bí a bá yọ gbogbo ohun tí àwọn òǹwòran rí ní ọjà kúrò nínú ìtàn ilẹ̀ Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, díẹ̀ ni ohun tí yóò ṣẹ́kù yóò fi ju orúkọ ọba, orúkọ ogun àti òǹkà ọdún lọ.

Àwọn tí ń múra ìdánwò mọ ìbéèrè tí ó ní kí á ṣe àlàyé ipò ọjà ní àwùjọ Yorùbá. Ìdáhùn tí ó wọ́pọ̀ ni kí á sọ pé ọjà ojoojúmọ́ ń bẹ, ọjà alẹ́ ń bẹ, ọjà ọrún àti ọjà ìsán sì ń bẹ. Lẹ́yìn náà kí á to ohun títà lẹ́sẹẹsẹ: iṣu, èlùbọ́, epo, aṣọ, ìkòkò. Ẹni tí ó bá kọ irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ kò ní í gba òdo. Ṣùgbọ́n kò sí ènìyàn kankan nínú rẹ̀. Ohun tí a fẹ́ wò nínú àròkọ yìí ni èrò tí ó wà ní ọjà, àti àwọn tí ó wò wọ́n. Ọjà kan ṣoṣo ni a ó dúró sí, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń ka ìwé yìí ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ sí ilé ẹ̀kọ́ lójoojúmọ́: Ọjà Ìbà ní Ìbàdàn. Èrò wa ni pé ẹni tí ó ń wo ọjà a máa rí ohun tí ó ń wá, a sì máa fojú fo ohun tí kò wá. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi àkọsílẹ̀ òǹwòran ṣe ẹ̀rí ìtàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè ohun tí ó gbé òǹwòran náà dé ọjà.

Ní nǹkan bí ọdún 1829 ni àwọn ọmọ ogun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́, pẹ̀lú àwọn Ẹ̀gbá kan, tẹ̀dó sí orí ilẹ̀ tí ogun ti sọ di ahoro. Wọn kò rò pé ìlú ni àwọn ń tẹ̀ dó. Ibùdó ogun ni wọ́n pè é. Ọjà ni ó wà ní àárín ibùdó náà, ní ìsàlẹ̀ Òkè Màpó, àwọn olórí ogun sì kọ́ agbo ilé wọn yí i ká. Èyí yàtọ̀ sí bí ọ̀rọ̀ ti rí ní àwọn ìlú aládé. Ní Ọ̀yọ́, iwájú ààfin Aláàfin ni Akẹ̀sán wà. Ọba ni ó ni ọjà, ọjà sì ń wo ojú ọba. Ní Ìbàdàn, ọjà ni ó kọ́kọ́ wà. Kò sí ọba, kò sì sí ààfin kan pàtó fún ìgbà pípẹ́ gan-an, nítorí pé ilé ẹni tí oyè bá kàn ni ó máa ń jẹ́ ààfin ní ìgbà tirẹ̀. Bí ẹnì kan bá fẹ́ rí Ìbàdàn ní ojúkorojú ní ayé ìgbà náà, ọjà ni yóò lọ.

Orúkọ tí ọjà yìí ti jẹ́ pọ̀. Ọjà Lábósìndé ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè é, ní orúkọ ìjòyè Ifẹ̀ tí ó jẹ́ Baba Ìsàlẹ̀ fún gbogbo ibùdó, ẹni tí àwọn Ọ̀yọ́ pàápàá fẹ́ràn nítorí ìwà pẹ̀lẹ́ rẹ̀. Nígbà tí Olúyọ̀lé di alágbára, tí ó sì gba oyè Baṣọ̀run, ọjà náà di Ọjà Ìbà. Ní ọdún 1936, a pa oyè Baálẹ̀ tì, olórí ìlú di Olúbàdàn, àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí Ọjà Ọba. Àwọn olùkọ́ èdè yóò ti rí i pé ìpàrójẹ fáwẹ́lì ti fi ìtàn pamọ́ níhìn-ín. Bí a bá pa fáwẹ́lì àkọ́kọ́ nínú Ìbà jẹ, Ọjà'bà ni yóò kù. Bí ó bá jẹ́ ti Ọba ni, Ọjà'ba ni. Ohùn tí ó gbẹ̀yìn nìkan ni ó ya baṣọ̀run ọ̀rúndún kan sọ́tọ̀ kúrò lára ọba ọ̀rúndún kejì. Àwọn tí ń kọ Ojaba sí ara ọkọ̀ àti pátákó láìfi àmì ohùn sí i ti bá wa parí ìjà náà: kí oníkálukú ka èyí tí ó bá wù ú.

Ẹ jẹ́ kí á wá wo irú èrò tí ń bẹ ní ọjà yìí ní ayé Olúyọ̀lé, ẹni tí ó kú ní ọdún 1847. Òwu ti tú. Ọ̀yọ́-Ilé náà ti tú. Àwọn Ẹ̀gbá ti fi ilẹ̀ wọn sílẹ̀, wọ́n ti lọ sí abẹ́ Olúmọ. Àìmọye ìdílé ni ogun ti fọ́n ká. Baba wà ní Ìbàdàn, kò mọ̀ bóyá ọmọ wà ní Ìjàyè tàbí ní Èkó, tàbí bóyá ọkọ̀ ojú omi ti gbé e lọ. Kò sí ibi tí wọ́n lè lọ béèrè. Ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá kò jáde ní Abẹ́òkúta títí di ọdún 1859, ta ni ì bá sì kà á fún un? Ohun tí irú baba bẹ́ẹ̀ lè ṣe kò ju kí ó lọ sí ọjà, kí ó sì máa wo ojú ènìyàn.

Ojú ènìyàn ní ìgbà náà sì ní ohun tí ó ń sọ. Ilà ni ìwé tí ẹni tí kò mọ̀wé lè kà. Samuel Johnson to oríṣiríṣi rẹ̀ sínú ìwé ìtàn rẹ̀, ó tilẹ̀ ya àwòrán wọn: àbàjà, kéké tí a tún ń pè ní gọ̀ǹbọ́, pélé, tùrè àti àwọn mìíràn. Ẹni tí ó bá dúró sí ẹ̀gbẹ́ Òkè Màpó lè mọ̀ láti ọ̀nà jíjìn pé Ọ̀yọ́ ni ẹni tí ń bọ̀ yìí, Ẹ̀gbá ni tọ̀hún, Ìjẹ̀ṣà ni ẹni tí ó ru ẹrù tẹ̀ lé wọn. Ìyá tí ó ń wá ọmọ rẹ̀ a máa wo ilà kí ó tó wo imú. Bí àwọn ọmọ ogun bá sì ti ojú ogun dé pẹ̀lú àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú, gbogbo ìlú ni yóò jáde wò wọ́n. Ó yẹ kí á rántí pé ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó gbé àwọn ènìyàn jáde ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ayọ̀ ni ó gbé àwọn kan jáde. Àwọn mìíràn, tí wọ́n ti jẹ́ ẹrú ní Ìbàdàn ṣáájú, ń wò bóyá ẹnì kan tí àwọn mọ̀ wà láàrin àwọn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé. Ìwé ìtàn sáábà máa ń kọ ti àwọn àkọ́kọ́.

Àjàyí, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Crowther, jẹ́ àpẹẹrẹ tí kò ṣe é fojú fò. Ní ọdún 1821 ni wọ́n kó o ní Òṣogùn. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́. Nígbà kan, ẹṣin ni wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀. Ní ọdún 1846, ní Abẹ́òkúta, òun àti ìyá rẹ̀ tún fojú kan ara wọn lẹ́yìn ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. A mọ ìtàn yìí nítorí pé ọmọ náà di àlùfáà tí ó mọ ìwé kọ. Mélòó ni irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ tí ó ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ àtẹ epo, láìsí ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀? Mélòó sì ni ìyá tí ó lọ sí ọjà fún ọdún márùndínlọ́gbọ̀n tí kò rí ẹnikẹ́ni?

Ilà tí ó lè dá ọmọ padà fún ìyá rẹ̀ náà ni ó lè kó ènìyàn sí wàhálà. Kò ṣe é bọ́ sílẹ̀ bí ẹ̀wù. Ẹrú tí ó sá kúrò lọ́dọ̀ olówó rẹ̀ kò lè fi ojú rẹ̀ pamọ́ ní ọjà. Bákan náà ni ẹni tí ó ti ìlú tí a ń bá jà wá. Ṣùgbọ́n ìwé ojú yìí ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Nígbà ogun Ìjàyè, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1860 tí Ìjàyè sì fọ́ ní ọdún 1862, Ọ̀yọ́ ni ó pọ̀ jù ní ìhà méjèèjì. Ilà kan náà ni wọ́n kọ, èdè kan náà ni wọ́n sì ń sọ. Ẹni tí ó bá ń wo ojú nìkan ní Ọjà Ìbà ní ọdún wọ̀nyẹn kò lè mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ọ̀rẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí a ti kọ́ pé ogun ẹ̀yà ni gbogbo ogun abẹ́lé Yorùbá yóò ṣe dáadáa bí wọ́n bá ronú sí èyí kí wọ́n tó kọ ìdáhùn wọn.

Nígbà tí àwọn òyìnbó dé, irú òǹwòran mìíràn dé ọjà. Clapperton àti Lander, tí wọ́n gúnlẹ̀ ní Àgbádárìgì ní òpin ọdún 1825 tí wọ́n sì dé Ọ̀yọ́-Ilé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1826, kò lè rí Ìbàdàn tí a mọ̀ yìí, nítorí pé kò tíì sí. David Hinderer ni ó wá ní ọdún 1851; ní ọdún 1853 ó padà dé pẹ̀lú Anna ìyàwó rẹ̀, wọ́n sì kọ́ ilé sí Kúdẹtì. Ọjọ́ tí obìnrin yìí wọ ìlú, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò tíì rí obìnrin òyìnbó rí. Òun wá wo Ìbàdàn. Ìbàdàn sì jáde wá wò ó. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní ọdún 1870 ni wọ́n ṣa lẹ́tà àti ìwé ìrántí rẹ̀ jọ, wọ́n sì tẹ̀ wọ́n jáde ní ọdún 1872. Ìwé tí ó dára ni, ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tí ó kún inú rẹ̀: ọmọdé. Ọmọ tí ó ń wá ilé ẹ̀kọ́, ọmọ tí ìyá rẹ̀ kọ̀ kí ó wá, ọmọ tí a rà padà. Ọmọdé ni Anna Hinderer ń wá, ọmọdé ni ó sì rí. Bí a bá ka ìwé rẹ̀ láti mọ bí wọ́n ti ń dá iye owó lé epo ní Ọjà Ìbà, àwa ni a ṣi ìwé mú. Òun kò ṣẹ̀ wá.

Òǹwòran tí àwọn òǹkọ̀wé fẹ́ràn jù lọ ni Thomas Jefferson Bowen, ará Amẹ́ríkà, oníwàásù Onítẹ̀bọmi tí ó dé ilẹ̀ wa ní ọdún 1850, tí ìwé rẹ̀ sì jáde ní ọdún 1857. Nínú ìwé yẹn, kì í ṣe Ìbàdàn nìkan ni ó ń sọ nígbà tí ó ń ṣe àpèjúwe ọjà. Àwọn ìlú Yorùbá lápapọ̀ ni. Ó ní kò sí ohun tí ó fa ojú mọ́ra tó ọjà nínú ìlú, ó sì ní ìrọ̀lẹ́ ni ó yẹ kí ènìyàn lọ wò ó, nígbà tí oòrùn bá kù díẹ̀ kí ó wọ̀, tí àwọn tí ó lọ sí oko àti àwọn tí ó wà nílé bá pàdé níbẹ̀. Bí òkùnkùn bá ṣú tí òṣùpá kò sì sí, obìnrin kọ̀ọ̀kan a tan fìtílà kékeré tirẹ̀. Lójú ẹni tí ó dúró ní òkèèrè, gbogbo ọjà a wá dà bí ìràwọ̀ tí kò lóǹkà.

Àpèjúwe náà dùn, òótọ́ sì ni. Ẹni tí ó bá ti gun Òkè Màpó ní alẹ́ rí mọ̀ pé Bowen kò purọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà jíjìn ni ó gbà di ìràwọ̀. Bí a bá sún mọ́ fìtílà kan, ìbéèrè a bẹ̀rẹ̀. Ta ni ó ni epo tí ń jó nínú rẹ̀? Obìnrin tí ó jókòó tì í, ṣé fún ara rẹ̀ ni ó ń tà? Ní àwọn ọdún tí Bowen wà ní ilẹ̀ wa, àwọn kan nínú àwọn tí ó jókòó ti àtẹ jẹ́ ẹrú tí ń tà fún olówó wọn. Àwọn kan jẹ́ ìwọ̀fà tí ń fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn ṣe èlé gbèsè tí baba tàbí ẹ̀gbọ́n wọn jẹ. Àwọn kan jẹ́ olómìnira, tí èrè wọn jẹ́ tiwọn, tí ọkọ wọn kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Láàrin àwọn obìnrin olómìnira wọ̀nyí ni a ti rí ẹni bí Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn, tí òwò sọ di ọ̀kan nínú àwọn olówó ìlú kí wọ́n tó pa á ní ọdún 1874. Ìràwọ̀ kan náà ni ẹrú àti olówó ẹrú láti òkèèrè. Lójú tèmi, iyì tí a ń fún ojú ìwé Bowen yìí ti pọ̀ jù ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ wa, kì í ṣe nítorí pé kò dára, ṣùgbọ́n nítorí pé ẹwà rẹ̀ máa ń mú kí akẹ́kọ̀ọ́ dákẹ́ nígbà tí ó yẹ kí ó béèrè ọ̀rọ̀.

Johnson tí a ti dárúkọ lẹ́ẹ̀kan jẹ́ òǹwòran tí ó yàtọ̀. Sàró ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1846. Kò tíì pé ọmọ ọdún méjìlá púpọ̀ nígbà tí òbí rẹ̀ mú un dé Ìbàdàn, lọ́dọ̀ àwọn Hinderer. Ọmọ Yorùbá ni, síbẹ̀ àlejò ni. Irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ a máa rí ohun tí onílé kò kà sí mọ́, a sì máa gbọ́ ohun tí òyìnbó kò lè gbọ́. Ọdún 1897 ni ó parí ìwé rẹ̀, ó kú ní ọdún 1901, ìwé náà kò sì jáde títí di ọdún 1921, lẹ́yìn tí àbúrò rẹ̀, Obadiah, ti tún un ṣe nítorí pé èyí tí wọ́n kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí àwọn olùtẹ̀wé sọnù. Ìwé Ìtàn Ìbàdàn tí I. B. Akínyẹlé, tí ó padà di Olúbàdàn, fi èdè wa kọ ti jáde ṣáájú rẹ̀, ní ọdún 1911. Ẹni tí ó bá ka méjèèjì pọ̀ yóò rí i pé àwọn jagunjagun ni ó gba ìwájú níbẹ̀. Síbẹ̀, ní ibi tí Johnson ti ń sọ ti ilà, ti gbèsè, ti aṣọ, ẹni tí ó ti dúró ní ọjà ni ó ń sọ̀rọ̀.

Àwọn òǹwòran tí a sọ títí di ìsinsìnyí jẹ́ àwọn tí ó kọ̀wé. Èyí tí ó pọ̀ jù kò kọ ìwé rárá, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ni ó mọ ènìyàn wò jù. Ẹ wo onílù. Onídùndún tí ó dúró sí ẹnu ọ̀nà ọjà kò lè jẹun bí kò bá mọ ènìyàn wò. Kí ẹni tí ń bọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ti mọ agbo ilé tí ó ti wá, oríkì orílẹ̀ rẹ̀, orúkọ baba rẹ̀, àti bóyá ọwọ́ rẹ̀ ń na owó tàbí ẹnu nìkan ni ó ní. Ìrìn ni ó fi ń mọ̀ ọ́n, àti bí ojú rẹ̀ ti jọ ojú baba tí ó ti kú, àti irú àwọn tí ń tẹ̀ lé e. Bí ó bá fi oríkì Oníkòyí ki ọmọ Òpómúléró, ìtìjú ni, owó sì ti bọ́. Nítorí náà, ìmọ̀ ìtàn ìdílé ni ó fi ń wá oúnjẹ òòjọ́. Ìmọ̀ yìí kò sí nínú ìwé. Inú ìlù ni ó wà, orí onílù ni ó sì ń bá lọ sí sàréè bí ọmọ rẹ̀ kò bá kọ́ ọ.

Àwọn ìyá ọlọ́jà náà ń wò. Kò tilẹ̀ sí bí wọ́n ṣe lè kí ènìyàn bí wọn kò bá kọ́kọ́ wò ó, nítorí pé ìkíni wa kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan fún gbogbo ènìyàn. Ẹni tí ó lóyún, a ní, “Ẹ ó gbóhùn ìyá, ẹ ó gbóhùn ọmọ”, ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, a ní, “Ẹ kú ọwọ́ lómi”, ẹni tí ó sin òbí rẹ̀, a ní, “Ẹ kú àṣẹ̀yìndè”, ẹni tí ó jókòó ti àtẹ, a ní, “Ajé á wọ igbá o.” Kí obìnrin kan tó jókòó láti òwúrọ̀ di alẹ́ kí ó sì kí gbogbo ẹni tí ó kọjá bí ó ti yẹ, ó ti mọ ẹni tí ó bí, ẹni tí ó kú, ẹni tí ó wá ra nǹkan àti ẹni tí ó wá ná ọjà lásán. Bí ìjọba bá fẹ́ ka ènìyàn, kì bá dára kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ irú wọn.

Àwọn àgbà tilẹ̀ gbà pé kì í ṣe alààyè nìkan ni ó ń ná ọjà. Wọ́n ní bí ènìyàn bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní àárín ọjà tí ó sì wo èrò láti àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, yóò rí àwọn kan tí ẹsẹ̀ wọn kò kan ilẹ̀. Nígbà tí a wà ní ọmọdé, ìbẹ̀rù kò jẹ́ kí á dán an wò. Ẹ̀kọ́ ìtàn kò ní ohun tí yóò fi yẹ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n ní ìlú tí ogun tẹ̀ dó, tí ẹni tí a ti sunkún rẹ̀ lè ṣàdédé yọ níwájú àtẹ lẹ́yìn ogún ọdún, kò ṣòro láti mọ ìdí tí irú ìgbàgbọ́ bẹ́ẹ̀ fi ní agbára.

Ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, ó sì gbé ojú àwọn òǹwòran lọ sí ìwọ̀ oòrùn ìlú. Àwọn ilé ìtajà òyìnbó, lẹ́yìn wọn àwọn ará Lẹ́bánónì, tò sí Gbágì; Dùgbẹ̀ di ọjà tí ó gbòòrò ní itòsí ibùdókọ̀ ojú irin; ní ọdún 1916 a tẹ Sábó dó fún àwọn Hausa. Nígbà tí Ilé Kòkó parí ní ọdún 1965 pẹ̀lú àjà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, àwọn ènìyàn a máa ti oko wá wo ilé náà, àwọn ará Dùgbẹ̀ a sì máa wo àwọn tí ń wò ó. Ọjà Ìbà kò kú. Ní ọdún 1929 ni wọ́n ṣí Gbọ̀ngàn Màpó sí orí òkè tí ó wà lókè rẹ̀, tí ẹni tí ó bá dúró sí iwájú rẹ̀ sì lè wo gbogbo ọjà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi èjìká gbá a.

Ohun tí a fi ń mọ ènìyàn náà yí padà. Owó kòkó mú kí aṣọ gba iṣẹ́ tí ilà ń ṣe. Àwọn Ìjẹ̀ṣà tí ń kiri aṣọ ní àwìn, tí a ń pè ní Òṣómàáló, kò nílò láti kà ilà. Ilé onígbèsè ni wọ́n ń lọ, wọn a lóṣòó, wọn a sì máa wò ó títí yóò fi sanwó. Ìwòran ni èyí náà, ó sì mú owó wá ju ti ẹnikẹ́ni tí a ti dárúkọ lọ.

Ẹni tí ó bá fẹ́ rí àpẹẹrẹ bí ọmọwé ṣe lè wo ọjà dáadáa, kí ó wá ìwé Niara Sudarkasa tí ó jáde ní ọdún 1973, èyí tí ó dá lórí iṣẹ́ àwọn obìnrin Yorùbá ní ọjà àti nílé. Ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú ni, Awẹ́ lẹ́bàá Ọ̀yọ́ ni ó sì jókòó sí ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, nígbà tí ó ń jẹ́ Gloria Marshall. Kò dúró sí òkèèrè kí ó máa ka ìràwọ̀. Ó tẹ̀ lé àwọn obìnrin láti ilé dé ọjà, láti ọjà padà sí ilé, ó sì béèrè ẹni tí ó ni owó, ẹni tí ó ni ọjà títà, àti ohun tí a fi èrè ṣe. Ìbéèrè tí Bowen kò bi fìtílà ni ó bi.

Lónìí, ilà kò sí lójú àwọn ọ̀dọ́ tí ń ná Ọjà Ìbà mọ́, àfi àwọn arúgbó díẹ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 ti ka kíkọ ilà sí ara ọmọ léèwọ̀, àṣà náà sì ti ń kú lọ ṣáájú òfin. Ó dára bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tí ì bá jẹ ìyà abẹ olóòlà. Fún akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn, ó túmọ̀ sí pé àwọn arúgbó tí a ṣì lè kà ojú wọn ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, àti pé ohun tí ó bá yẹ kí á bi wọ́n, ọdún yìí ni kí á bi wọ́n.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn tí mo ní fún àwọn olùkọ́ tí kíláàsì wọn kò jìnnà sí ọjà kò gba owó púpọ̀. Kí wọ́n rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ ní méjì méjì fún wákàtí kan. Kí èkíní dúró sí òkè Màpó kí ó kọ ohun tí ó rí láti ibẹ̀. Kí èkejì jókòó ti ìyá kan tí ó gbà á láàyè, kí ó kí i bí ó ti yẹ, kí ó ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó má sì ya fọ́tò ẹnikẹ́ni láìtọrọ àyè. Lẹ́yìn náà kí á ka ìwé àwọn méjèèjì sétí gbogbo kíláàsì, kí á sì fi ti Bowen tẹ̀ lé e. Ìrọ̀lẹ́ ni ó dára jù, láti nǹkan bí agogo márùn-ún àbọ̀, nígbà tí àwọn tí ó ti ibi iṣẹ́ dé bá ń ra ohun ọbẹ̀ tí àwọn alátẹ sì ń tan iná bátìrì wọn. Kí wọ́n kọ orúkọ ọjà náà sí òkè ìwé wọn pẹ̀lú àmì ohùn, gẹ́gẹ́ bí wọ́n bá ti gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá tí wọ́n jókòó tì.